Ọsàn Tí Kò Rí Ọ̀sán

Ọkọ mi kì í ra nǹkan kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rán an lọ ra ẹja kan, mẹ́ta ni yóò gbé dé. Bí kò bá sì sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ rárá, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù. Iṣẹ́ kílíìmù ló ń ṣe, bí àwọn ará Libreville ní Gàbọ́ọ̀nù níbí ṣe ń pe ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù. Lọ́jọ́ kan, ó lọ tún kílíìmù oníbàárà kan ṣe ní Okala, ó sì padà sí ilé wa ní Sotega pẹ̀lú ọsàn mẹ́ta nínú takisí. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé èso mẹ́ta. Igi ni. Igi tó ní gbòǹgbò àti ewé, tó ga dé àyà mi, tí ẹ̀gún ọ̀kan nínú wọn ti ya aṣọ ìjókòó awakọ̀ kí wọ́n tó délé.

Ó ní bàbá Nàgó kan, ará Benin, ló ń tà wọ́n lẹ́bàá títì níbẹ̀, pé igi tí wọ́n lọ́ ni gbogbo wọn: wọ́n gé orí igi tó ń so dáadáa, wọ́n sì so ó mọ́ ìdí igi mìíràn tó lágbára. Ọ̀kan jẹ́ ọsàn mímu, ọ̀kan jẹ́ tanjarínì, ẹ̀kẹta jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí à ń fún sórí ẹja. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí àga méjì péré ti kún. Mo wo àwọn igi. Mo wo ọkọ mi.

“Dádì, ẹ kú ọjà o,” ni mo wí. “Oko wo la fẹ́ dá?”

“Mọ́mì, ọjọ́ tí o bá ń já ọsàn lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ, wàá rántí mi.”

Mo ti rántí rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sá aṣọ, tí ẹ̀gún bá gún mi lápá, mo máa ń rántí rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni àwọn igi náà fi gbádùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aládùúgbò wa tó wà lápá ìlà-oòrùn wá rí i pé ilé òun kéré fún òun. Ó kọ́ àjà kejì lé e, ó kọ́ ẹ̀kẹta, ògiri rẹ̀ sì ga títí tó fi ká oòrùn kúrò lọ́dọ̀ wa bí ẹni ká aṣọ gbígbẹ lórí okùn. Ní apá kejì, ògiri ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe di pé ní ìlú yìí, níbi tí oòrùn ti ń lu ènìyàn lórí láti àárọ̀, èmi ń tan iná ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kí n tó lè ṣa òkúta inú ìrẹsì nìyẹn.

Ewé àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gba ọkọ mi nímọ̀ràn pé kí ó kó wọn lọ fún ìjọ wa, nítorí ìjọ ní àgbàlà tó gbòòrò. Ó wò mí bíi pé ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ni mo ní kí ó lọ fi tọrẹ. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé fóònù wá síwájú mi. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, ní ìlú kan tí yìnyín ti ń bọ́ bí òwú, tó ń gbin ọsàn sínú pálọ̀ rẹ̀ lábẹ́ iná. Ọkùnrin náà wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà. Ojú fèrèsé rẹ̀ funfun báláú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àwáwí.

“Dádì,” ni mo wí, “ọkùnrin yìí ò ní oòrùn. Àwa ń fi oòrùn ṣe ìpápánu.”

“Tiwa wà lẹ́yìn ògiri,” ló dá mi lóhùn.

Oòrùn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí wa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ògiri ló wà lóòótọ́.

Báyìí ni igi mẹ́ta ṣe gba pálọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Àga onítìmùtìmù tí mo fi gbogbo ìgbéyàwó mi tọ́jú di ohun tí wọ́n tì mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ, débi pé ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn kí ó tó lè lọ sùn. Tẹlifíṣọ̀n bọ́ sórí fíríìjì. Ọkọ mi fi okùn wáyà so iná gígùn mẹ́ta rọ̀ láti òkè àjà, ó sì mú bébà fàdákà tí mo fi ń di ẹja tí mo bá fẹ́ yan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ta padà sára ewé. Ẹja wá ń lọ sórí iná níhòòhò. Ògiri ló ń wọṣọ.

Nígbà tó tan iná náà, elése àlùkò ni. Ó ní àwọ̀ tí igi ń jẹ nìyẹn. Ohun tí ènìyàn ń jẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú gbogbo wa di ojú òkú, eyín wa di aró, ẹ̀bà tí mo bá sì gbé kalẹ̀ máa ń dà bí ohun tó ti ṣe ọ̀sẹ̀ kan lórí tábìlì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi so iná náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ewé. Ó ní bí iná bá ti súnmọ́ igi tó ni igi ṣe máa ń yára dàgbà. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yan àgbàdo nìyẹn. Nítorí pé oníṣẹ́ kílíìmù sì ni, ó tan kílíìmù sí wọn lórí kí ooru má baà mú wọn. Nítorí náà, iná ń jó wọn lókè, afẹ́fẹ́ tútù ń gbẹ wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ewé òkè ti di pépépé bí awọ àlùbọ́sà, tanjarínì sì ti já ìdajì ewé rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin wa, ẹni tí Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ló kà á lórí fóònù tó sì túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó gbé iná sókè ní ìgbọ̀nwọ́ kan ó lé, kí ó sì pa kílíìmù.

Ó pa kílíìmù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó pa á fún àwọn igi. Ooru tó ń mú èmi láti ọdún tí mo ti ń kígbe, wọ́n ní ó ń mú ara le.

Lẹ́yìn èyí ló kọ òfin, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Wákàtí mẹ́rìnlá ni iná yóò máa tàn, aago kékeré kan ni yóò sì máa tàn án tí yóò máa pa á. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bomi rin igi títí iyẹ̀pẹ̀ yóò fi gbẹ dé oríkèé ìka kejì. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò máa fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ajílẹ̀. Mo ka òfin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ibi tí wọ́n kọ ìtọ́jú ìyàwó sí, mi ò rí i.

Kí n má parọ́, òfin náà ṣiṣẹ́. Kí oṣù kejì tó parí, ewé tuntun ti yọ lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tutù minimini, ó ń dán. Ọkọ mi ń rìn káàkiri inú ilé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ dé láti Ìsẹ́yìn láti wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo iná, ó wo bébà fàdákà, ó wo àwọn igi tó wà nínú korobá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyàwó mi, ta ni ara rẹ̀ ò yá?”

“Kò sí o, Màmá. Ọsàn ni.”

“Ọsàn?”

“Ẹ̀ẹ́n, mà. Ọmọ yín ló ń gbìn ín.”

Ó jókòó díẹ̀díẹ̀ sórí àga. “Ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé wa,” ló wí, “ewúrẹ́ ló máa ń fara ha á. Kò sẹ́ni tó tan àtùpà fún un rí.”

Ṣùgbọ́n àánú obìnrin náà pọ̀. Ó rí àwọn igi tí kò rí oòrùn, tí kò rí òjò, tí wọ́n dúró sójú kan nínú ike, ọkàn rẹ̀ ò sì gbà á. Bó bá ti parí àdúrà òwúrọ̀, yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ife omi kan. Bó bá wẹ̀ tán, yóò tún fún wọn ní ìkejì. Bó bá ń jẹun, tí òùngbẹ sì gbẹ ẹ́, yóò rántí pé wọn ò ní ẹnu tí wọ́n fi lè bèèrè. Mo rí i. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní, “Màmá, wọ́n ní omi ò gbọdọ̀ pọ̀.” Ó ní, “Ta ló ní bẹ́ẹ̀?” Mo ní, “Òfin tó wà lára ògiri ni.” Ó wo òfin, tí kò lè kà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ta ni èmi tí màá gba ife omi lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi nínú ilé ọmọ rẹ̀?

Tanjarínì ni kò fara dà á. Ewé rẹ̀ rọ, ó ń wò bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, Màmá sì ń fi omi kún un. Ọkọ mi fi ajílẹ̀ kún un. Nígbà tó fà á tu nínú korobá, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sínú omi tí wọ́n gbàgbé.

“Ta ló ń bomi rin igi yìí?” Èmi ló ń wò.

“Èmi ni, bàbá mi,” ni Màmá wí. “Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.”

Mo rí bí ìbínú ṣe dé ọ̀nà ọ̀fun ọkọ mi, tó sì gbé e mì bí ẹni gbé egúnrín mì. “Ẹ ṣeun, Màmá,” ló wí. “Ẹ kú ìtọ́jú.” Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná. “Mọ́mì, ṣé o ò lè sọ fún wọn ni?”

“Dádì, ẹnu yín náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ẹ fi sọ.”

Màmá ò banújẹ́ títí. Ó gbọn erùpẹ̀ ara igi náà dànù, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì fi okùn dì í. Ó ní pákò ọsàn ń fọ eyín ju ti òyìnbó lọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kó nínú oko wa lọ́dún yẹn nìyẹn, ó sì gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Ìsẹ́yìn.

Lẹ́yìn tó lọ ni ọ̀rọ̀ iná dé ìjọ. Ènìyàn lè fi kọ́tìnnì bo fèrèsé, ṣùgbọ́n elése àlùkò kò gba ìbòjú. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, fèrèsé wa nìkan ló máa ń tàn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òpópónà. Àwọn kan ní a ti ṣí ilé ọtí. Àwọn tó fẹ́ràn wa jù ní kì í ṣe ilé ọtí, ẹgbẹ́ òkùnkùn la wọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Pásítọ̀ wa àti Ìyá Ìjọ kan ilẹ̀kùn.

“Tíṣà,” ni Pásítọ̀ wí, nítorí pé mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì níléèwé aládàáni kan, “a ò bá ìjà wá o. Nǹkan kan ló ń lọ lẹ́nu àwọn ará.”

Ìyá Ìjọ ò ní àkókò fún ìyẹn. “Kí lẹ̀ ń ṣe lábẹ́ iná yẹn?”

Ìbẹ̀rù mú mi, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n rò lẹ́ẹ̀mejì sì jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan. “Ọsàn là ń sìn, mà.”

Ìyá Ìjọ fi ọwọ́ di àyà. “Ẹ̀ ń sin kí ni?”

“Bí wọ́n ṣe ń sin adìyẹ ni, mà! Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Bí adìyẹ! À ń tọ́jú rẹ̀ ni!”

Ó ti pẹ́ jù. Ó ti wo orí òrùlé, ó ti wo abẹ́ àga, ó ń wá àwo ẹbọ. Pásítọ̀ ló gbà mí. Ó rìn lọ bá ọsàn wẹ́wẹ́, ó já ewé kan, ó fi ìka méjì rún un, ó gbé e sí imú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní bàbá òun dá oko ọsàn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé òun ò tíì gbóòórùn ewé yìí láti ìgbà tí òun ti wá sí Gàbọ́ọ̀nù. Ó jókòó fún wákàtí kan gbáko. Ó bèèrè ìgbà tí wọn yóò so. Ó gbàdúrà fún wọn, àdúrà tó gùn ju èyí tó gbà fún mi nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ, kí ó sì tó ṣe àmín, ó rán Olúwa létí, ní ojú wa, pé àkọ́so jẹ́ ti ìjọ. Ìyá Ìjọ, tó ti rí i pé kò sí àwo ẹbọ, já ewé méje tí yóò fi se àgbo ikọ́, ó fi sínú báàgì, ó sì ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ wa.

Ọsàn mímu ni ọkọ mi wá gbójú lé. Láti ìsàlẹ̀ igi náà, nítòsí iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀ka kan yọ tó ń ga bí ẹni tí wọ́n ń fà. Ẹ̀gún ara rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Lọ́sẹ̀ kan ó gùn ní ìbú àtẹ́lẹwọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó di méjì. Ọkọ mi ń fi téèpù wọ̀n ọ́. Ó ń pe àwọn ará ilé lórí fóònù kí wọ́n wá wò ó. Ó fi bébà fàdákà tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan.

“Dádì, ṣé ewé mẹ́ta-mẹ́ta ló yẹ kí ọsàn máa ní lórí ọ̀pá ewé kan? Ti òkè ò rí bẹ́ẹ̀.”

“Ìtọ́jú ló fà á,” ló wí. “Bí ara bá ti balẹ̀, ewé á pọ̀.”

Ewé òkè, ní tirẹ̀, ń dín kù. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Kí ni mo mọ̀ nípa ewé? Ṣùgbọ́n nígbà tí a jọ lọ sí Okala láti kí ọ̀rẹ́ kan, ọkọ mi ní kí a yà lọ́dọ̀ bàbá Nàgó kí òun fi iṣẹ́ òun hàn án. Bàbá náà jókòó sábẹ́ agbòòrùn ńlá kan láàárín àwọn igi kéékèèké. Nàgó tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí Yorùbá tiwa, ó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ̀rín rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, èyí kì í ṣe ọsàn yín. Ìdí tí mo lọ́ ọsàn mọ́ ló hù yẹn. Igi ẹlẹ́gùn-ún inú igbó ni. Bó bá tiẹ̀ so, ewúrẹ́ ò ní í jẹ ẹ́.”

“Ṣùgbọ́n ó ń dàgbà,” ni ọkọ mi wí.

“Á dàgbà. Oúnjẹ ọsàn ló ń jẹ. Ọjọ́ tó yọ ló yẹ kí ẹ ti já a.”

Takisí ló gbé wa padà láti Okala dé Sotega. Èmi, tí mo ní ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rìnlá lẹ́nu, mo wo bó ṣe gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nígbà tí a délé, ó mú ọ̀bẹ wá láti ilé ìdáná, ó dúró níwájú igi náà, ó pẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó na ọ̀bẹ náà sí mi. Èmi ni mo gé e. Ẹ̀gún rẹ̀ gún mi níbi méjì. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Òkè igi náà kò ní agbára mọ́, kò sì pẹ́ tó fi gbẹ pátápátá.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi kò ti wo ògiri tí òfin wà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó gbé àpótí onígíláàsì kan wọlé, omi wà nínú rẹ̀, ẹja pupa mẹ́fà sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà. Mo ní, “Dádì, ẹ kú ọjà o.”

Ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ló kù, kò sì ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ má rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní àdúgbò Awendjé, òkìtì òkìtì ni wọ́n ń kó ọsàn wẹ́wẹ́ jọ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi tilé ṣe. Mo kàn ní kí iná má máa jó lásán ni. Nítorí kí iná má jó lásán, mo ń ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ kí n tó lọ síléèwé. Nítorí kí iná má jó lásán, mo gbé e sínú ìkòkò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo lu ihò sí ìdí rẹ̀. Mo ní kí ọkọ mi pààrọ̀ elése àlùkò sí iná funfun, nítorí pé igi lè gbé lábẹ́ funfun, èmi ò sì lè gbé lábẹ́ èkejì mọ́. Ó so ó rọ̀, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹja rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí èèrà tó ń gun ara igi náà lọ sókè sódò, mo yí ewé padà, mo sì rí àwọn kòkòrò kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí èépá. Ọ̀sán méjì ni mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi ọṣẹ, mo ń fọ ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin wa ní òun ò rí i kí n fọ etí òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, mo ti iléèwé dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbóòórùn dídùn kan lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ọmọ yẹn ti da lọ́fínńdà mi sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí n tó wo igi. Òdòdó funfun ti là sára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tọrọ àforíjì. Mo jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi ní èjìká.

Ṣùgbọ́n oyin kì í wọ pálọ̀ ènìyàn, atẹ́gùn kì í sì í fẹ́ níbẹ̀. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kun àtíkè sójú, mo ń fi gbọn òdòdó kan sí èkejì, mo ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú wọn kiri. Ọmọbìnrin wa ká mi mọ́ ibẹ̀, ó sì bi mí ní Faransé pé kí ni mò ń ṣe.

“Mò ń ṣe alárinà,” ni mo wí.

Kò mọ ohun tó ń jẹ́ alárinà. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ ní Faransé mi tó jẹ́ ti ọjà, mo sọ nípa ọkùnrin kan tí kò lè bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹni kẹta wá ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wo òdòdó, ó wò mí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ ní fífẹ̀gbẹ́ rìn.

Wọ́n so. Àwọn èso náà kéré bí ìlẹ̀kẹ̀, mo kà wọ́n dé mẹ́rìnlélógójì, mo dákẹ́ kí ojú má baà wọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣa wọ́n nílẹ̀, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́ta. Mo wo iná, mo wo omi, mo wo ẹ̀yìn ewé, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo pe ìyá ọkọ mi ní Ìsẹ́yìn, èmi tí mo mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fún tanjarínì.

“Ìyàwó mi,” ló wí, “igi mọ iye ọmọ tí apá rẹ̀ ká. Èyí tí kò bá lè tọ́, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀. Má wá ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ara rẹ lọ́rùn.”

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Màmá sì mọ èyí tó já bọ́ kí ọmọ náà tó dé, àti èyí tó já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. A jọ dákẹ́ sórí fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní, “Má bínú,” mo ní, “Kò sí nǹkan kan, mà,” ó sì bi mí bóyá mo ń fún un lómi dáadáa.

Márùn-ún ló kù, wọ́n sì dúró. Oṣù bíi márùn-ún ni wọ́n fi tóbi. Nígbà tí àlejò bá wá, ọkọ mi á na ọwọ́ méjèèjì sí wọn: “Ẹ wo ọsàn tí a gbìn lábẹ́ iná.” A. Ọ̀rọ̀ kékeré ni “a” yẹn, ìwà ńlá. Mo gbé àkọ́so lọ fún Pásítọ̀ nínú ike ìṣúra mi, nítorí mi ò fẹ́ kí ó tún rán Olúwa létí. Ó gbé e sókè níwájú ìjọ, ó yin ọkọ mi fún sùúrù rẹ̀.

Èkejì la jẹ nílé, ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan. Mo yan ẹja, mo gé ata àti àlùbọ́sà sí i, mo já ọsàn náà nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, mo là á sí mẹ́rin, mo fi ìdá kan sínú àwo ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní kí a kọ́kọ́ gbàdúrà. A gbà á. Mo fún ìdá kẹrin sórí ẹja, omi rẹ̀ ò pọ̀, awọ rẹ̀ sì nípọn. Gbogbo wa tọ́ ọ wò, wọ́n sì ń wo ojú mi.

“Ó kan,” ni ọmọbìnrin wa wí.

Kí ni mo retí? Ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ó kan bí ti Awendjé ṣe ń kan. Mo mú èyí tó wà nínú àwo mi, mo fi eyín fà á gbẹ tawọ-tawọ, ọkọ mi sì ń wò mí. Nígbà tó ṣe, ó ti àwo rẹ̀ sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìdá kan tirẹ̀ tí kò tíì fún.

“Gba èyí,” ló wí. “Ìwọ lo gbìn ín.”

Mo gbà á. Mo ní kí ó rọra máa jẹ ẹja, egungun wà nínú rẹ̀.